Ohun Tó Jókòó Sí Àárín Ewé

 

Ní ọdún tó kọjá, pajápajá bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lẹ́sẹ̀ lóru. Nígbà tó yá, àyà mi náà ń ṣe bákan: á lù kìkìkì, á sinmi díẹ̀, á tún gbéra. Àbúrò mi ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Mo gba ilé babaláwo wa lọ. Bàbá dá Ifá, a rú ẹbọ. Bí mo ṣe ń dìde, wọ́n ní, "Ìyá Ọ̀sanyìn, ẹbọ ti fín o. Ó kù kí ẹ lọ yẹ àyà yín wò lọ́sibítù. Ẹ má fi dọ̀la."

Wọ́n so wáyà mọ́ mi láyà níbẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan, ní, "Mọ́mì, oògùn wo lẹ̀ ń lò?" Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra. "Ṣé ẹ ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa?" Ẹ̀rín pa mí. Èmi, ọmọ Ọ̀sanyìn! Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ, búrẹ́dì àti tíì ló pọ̀ jù lẹ́nu mi.

Magnesium ló lọ sílẹ̀ lára mi. Oògùn yẹn ń bá ìtọ̀ gbé e jáde, oúnjẹ mi ò sì dá a padà.

Bó ṣe yé mi nìyí. Iṣan ni ọkàn. Calcium ló ń mú un súnkì, magnesium ló ń jẹ́ kó dẹ̀. Òun náà ló ń bá potassium tọ́jú bí ọkàn ṣe ń lù. Ó dà bí ìyá ìlù àti omele: bí ọ̀kan bá kùnà, ijó á dàrú.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù rèé: ohun tó ń fún ewé ní àwọ̀ tútù yọ̀yọ̀ rẹ̀, magnesium ló jókòó sí àárín rẹ̀. Èmi tí mò ń pe ewé lórúkọ, mò ń fi omi gbígbóná bọ tẹ̀tẹ̀, mò ń fún un gbẹ, mò ń da omi rẹ̀ nù! Díẹ̀ nínú magnesium ń bá omi yẹn lọ. Ní báyìí, inú ọbẹ̀ ni mò ń dà á sí.

Obìnrin àgbà nílò mílígíráàmù 310 sí 320 lójúmọ́, ọkùnrin 400 sí 420. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ọkà bàbà àti ẹ̀fọ́ ló ní i dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn yín dúró fúnra yín. Ẹ má sì kàn lọ ra magnesium oníhóró lò. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa ò lè tọ̀ ọ́ dànù, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè dá ọkàn dúró. Ẹ sọ àgbo tí ẹ ń mu fún dókítà, kí ẹ sì sọ oògùn dókítà fún ẹni tó ń já ewé fún yín.

Wọ́n pààrọ̀ oògùn mi, wọ́n fún mi ní magnesium fún ìgbà díẹ̀. Mo ti ń sùn báyìí. Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dé orí. Ewé á jẹ́ fún wa o. Àṣẹ.