Ṣa Èyí Tó Dára, Má Yọ Èyí Tí Kò Dára

Iṣẹ́ kékeré kan wà tí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò lè ṣe kó má bá pàdé: kí á gba àtòjọ nǹkan, kí á mú èyí tí a kò fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà fóònù tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè jẹ́ máàkì àwọn tí kò wá ṣe ìdánwò. Ọ̀nà tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí á máa ka àtòjọ náà lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí á sì máa pa èyí tí kò wúlò rẹ́ bí a ṣe ń bá a pàdé. Ọ̀nà yìí gan-an ni ó yẹ kí á sá fún.

Ẹ jẹ́ kí á fi Python wò ó, èdè tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991. Ká ní máàkì márùn-ún ló wà nílẹ̀: 70, 0, 0, 55, 0, a sì fẹ́ kí gbogbo òdo kúrò. Ipò tí kọ̀ǹpútà dé nìkan ló ń ṣírò. Ó wo ipò kìíní, ó bá 70, ó fi í sílẹ̀. Ó dé ipò kejì, ó bá òdo, ó pa á rẹ́. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn sún síwájú, bí èrò orí ìlà ṣe ń sún nígbà tí ẹnìkan bá kúrò níwájú wọn. Òdo tó wà ní ipò kẹta ti bọ́ sí ipò kejì, bẹ́ẹ̀ ni ipò kẹta ló kàn láti wò, 55 ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, òdo kan yóò ṣẹ́ kù. Java sábà máa ń dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró, yóò sì fi ẹ̀sùn rẹ̀ hàn. Python kò ní sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí àbájáde tí kò tọ̀nà yóò dé ọwọ́ ẹni tó gbọ́kàn lé e.

Ohun tó tọ́ ni kí á fi àtòjọ àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí á ṣa àwọn tó yege sínú òmíràn. Láti ẹ̀dà 2.0 Python tó jáde ní 2000, ìlà kan ṣoṣo ti tó fún un: `[m for m in maaki if m != 0]`. JavaScript náà gba `filter`, tó ń ṣe irú ṣíṣà yìí, wọlé ní 2009.

Àwọn kan á ní àtòjọ méjì ń gba ààyè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n `filter` inú Python 3 kì í kó nǹkan jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú wọn wá bí a ṣe ń béèrè. Àwọn mìíràn á ní apá ibòmíràn nínú ètò náà ṣì di àtòjọ àtijọ́ mú; kí á da àwọn tí a ṣà padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú `maaki[:] =`, ó parí. Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní kí á máa pa á rẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè, nítorí ohun tí a ti wò nìkan ni yóò sún. Kò ní fo ohunkóhun lóòótọ́. Síbẹ̀, bí àtòjọ bá ní 100,000 nǹkan, tí a sì fẹ́ yọ ọ̀kan nínú méjì-méjì, sísún náà yóò ju bílíọ̀nù kan lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣà yóò wo 100,000 náà lẹ́ẹ̀kan péré.