Igi Àgbà Nínú Igbó Tuntun

Bí òwìwí bá ké lóru ní Pobè tàbí ní Sakété, ìyá á pe ọmọ wọlé, ẹlòmíràn á sì wá òkò. Ẹyẹ àjẹ́ ni a ń pè é, a sì gbà pé ikú ni ó ń kéde. Ṣùgbọ́n ohun méjì péré ni ẹyẹ yìí ń wá kiri: ihò tí yóò yé sí, àti ibi tí yóò ti rí oúnjẹ. Ọwọ́ àwa ènìyàn ni méjèèjì wà.

Ẹgàn àtijọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ẹkùn Plateau. Díẹ̀ ṣẹ́kù lọ́dọ̀ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí a dá sílẹ̀ ní Pobè ní ọdún 1922. Igbó náà fi díẹ̀ ju 100 hẹ́kítà lọ. Díẹ̀ sì wà nínú igbó Orò àti igbó òrìṣà tí àwọn baba wa kò jẹ́ kí àáké wọ̀. Ohun tí ó pọ̀ lónìí ni igbó àtúnhù: ilẹ̀ oko tí ó ń sinmi, oko tíìkì, oko akasíà àti oko ọ̀pẹ.

Ǹjẹ́ òwìwí lè gbé inú irú igbó bẹ́ẹ̀? Ó lè gbé ibẹ̀, bí igi àgbà bá wà níbẹ̀. Òwìwí inú igbó wa, tí àwọn Faransé ń pè ní chouette africaine, kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ihò igi ni ó sábà máa ń yé ẹyin sí. Igi kékeré kì í ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ńlá ní láti kọ́kọ́ ya, kí òjò àti olú sì jẹ inú igi náà fún ọdún pípẹ́. Ìdí nìyí tí àràbà tàbí ìrókò kan ṣoṣo tí a dá sí láàárín oko fi lè sọ igbó tuntun di ilé òwìwí. Igi gbígbẹ tí ó ṣì dúró a máa jẹ́ ibi tí yóò bà lé láti ṣọ́ ilẹ̀. Igi tí ó ti wó a máa kó kòkòrò àti eku jọ, oúnjẹ rẹ̀ sì nìyẹn. Oko tíìkì tí gbogbo igi rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà kì í sábà ní ọ̀kankan nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí i ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1990, ìjọba ibẹ̀ fi òfin dáàbò bo òwìwí alámì tó-tò-tó, nítorí pé a ti gé ẹgàn rẹ̀. Níbi tí a ti ń bá a nínú igbó tuntun, àwọn igi ńlá tí iná tàbí agégi fi sílẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ ọ̀pẹ Màléṣíà tilẹ̀ ń kan àpótí pákó mọ́ òpó fún òwìwí funfun, kí ó lè máa jẹ eku tí ń ba èso ọ̀pẹ jẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pẹ ti lọ sọ́dọ̀ wọn. Ihò igi tí wọ́n ń fi pákó ṣe, àwa ń fi í dáná.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, kí ẹ tó gé igi oníhò, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdì irun àti egungun eku tí ẹyẹ pọ̀ sílẹ̀, onílé wà lókè. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.