Bí Ara Bá Ń Yún Ajá Kékeré Inú Ilé

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan olùbẹ̀wò ìwé owó nínú ọ̀rọ̀ ajá. Ìwé owó náà ni ó gbé mi débẹ̀. Ní ẹgbẹ́ kan tí mo lọ yẹ ìwé wọn wò, mo rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó pàjáwìrì lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù mẹ́ta. Ìdí kan náà ni ó kọ sílẹ̀ nígbà méjèèjì: oògùn ara yíyún fún àwọn ọmọ. Nígbà tí a parí iṣẹ́, mo bá a délé. Ajá kékeré kan sùn sórí ẹní àwọn ọmọ, irun etí rẹ̀ ti re, ó sì ń họra láìdáwọ́ dúró. Mo ní, "Ìyá, ta ni ó ń tọ́jú ajá yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ajá náà ń rí dókítà ni?"

Gbogbo owó tí ó yá, ara àwọn ọmọ ni ó ná an sí. Kò ná kọ́bọ̀ sí ibi tí àrùn náà ti ń wá.

OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á

Ara yíyún ajá kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Ohun mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀.

1. Eégbọn àti kòkòrò dúdú kékeré tí ń fò láàrin irun. Itọ́ kòkòrò tí ń fò yìí ni ara ajá mìíràn kì í gbà. Bí ó bá gé irú ajá bẹ́ẹ̀ jẹ nígbà díẹ̀ péré, yóò họra fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, pàápàá ní ìdí ìrù àti ìbàdí. Láti mọ̀ bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ fi ìyarun ya irun ajá sórí bébà funfun tí a fi omi rin. Bí ìdọ̀tí dúdú wẹẹrẹ tí ó bọ́ sílẹ̀ bá yọ pupa, ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò mu ni. Eégbọn ní tirẹ̀ lè kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, àrùn tí ó lè pa á.

2. Kúrúnà. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbẹ́ ihò sínú awọ. Etí, ìgúnpá àti ikùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Bí ẹ bá rọra fi ìka ra etí etí ajá tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ju bí ẹni ń họra, ẹ fura. Èyí ni ó ń ran ènìyàn. Kòkòrò náà kò lè pọ̀ sí i lára ènìyàn, yóò kú láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí ajá bá ti sàn. Ṣùgbọ́n bí ajá kò bá sàn, yóò máa padà wá. Irú kúrúnà kejì wà tí ń mú ọmọ ajá lójú, lẹ́nu àti lẹ́sẹ̀. Ìyẹn kì í ran ènìyàn. Dókítà ẹran ni yóò ha awọ ajá díẹ̀, tí yóò fi ẹ̀rọ wò ó, kí ó tó mọ irú èyí tí ó jẹ́.

3. Làpálàpá. Irun a máa re ní róbótó-róbótó. Òun náà ń ran àwọn ọmọdé.

4. Ohun tí ara kọ̀. Ó lè jẹ́ eruku, àtíkè òdòdó koríko, tàbí oúnjẹ bí ẹran màlúù, adìẹ tàbí wàrà. Irú ajá yìí a máa lá àtẹ́lẹsẹ̀, a máa fi ojú nulẹ̀, etí rẹ̀ a sì máa rùn.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe rí. Mo gba ọ́ìlì mọ́tò dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo fi pa ọmọ ajá mi lára nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń ṣe. Ó lá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ọjọ́ kẹta ni a sin ín. Ọ́ìlì, kẹrosíìnì, oògùn ìfọlé àti oògùn apakòkòrò oko ń gba inú awọ wọlé, ajá yóò sì tún fi ahọ́n lá wọn. Májèlé ni wọ́n.

Ẹ má ṣe fa abẹ́rẹ́ màlúù fún ajá. Ìwọ̀n ara ni a fi ń díwọ̀n oògùn. Ohun tí ó jẹ́ ìkán kan fún màlúù lè pa ajá kílò 5.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ẹ sì wọn ìwúwo rẹ̀ kí a tó fún un ní oògùn. Gbogbo ajá inú ilé ni kí a tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí dókítà bá fún yín ní ọṣẹ olóògùn, ẹ jẹ́ kí ó wà lára ajá fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án nù.

Ẹ má gbàgbé ilé. Kòkòrò tí ń fò lè yé nǹkan bí ẹyin 40 lóòjọ́, àwọn ẹyin náà a sì máa bọ́ sílẹ̀ sórí ẹní àti sínú pàlàpálá ilẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná fọ ohun tí ajá ń sùn lé, ẹ sá a sóòrùn, ẹ sì máa gbálẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ni a fura sí, ẹ bi dókítà, kí ẹ sì fún ajá ní ẹran kan tí kò jẹ rí àti oúnjẹ kan ṣoṣo mìíràn, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ má fi èérún kankan kún un.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

Dókítà kan tí ó bá wá sí ilé ẹnì kan yóò wọ́n lówó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ 20 bá pè é sí gbàgede ìpàdé lọ́jọ́ kan, owó yóò fúyẹ́, a ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún àwọn ajá lọ́jọ́ kan náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí mo padà sí ẹgbẹ́ tí mo wí, ajá ìyá náà ti hurun. Mo yẹ ìwé owó yíyá wò láti òkè délẹ̀, n kò rí owó oògùn ara yíyún níbẹ̀ mọ́.