Ẹ̀tọ́ sí Oúnjẹ: Ohun Tí Ẹjọ́ Íńdíà Fi Yé Ayé

Ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ wà lára ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ní 1948, ó sì tún wà nínú àdéhùn tí Àjọ náà gbà wọlé ní 1966. Kì í ṣe pé kí ìjọba máa bọ́ gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń sọ. Ojúṣe ìjọba pín sí mẹ́ta: kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu ará ìlú, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á, ó sì gbọ́dọ̀ ran ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a lọ́wọ́.

Àìsí oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fa ebi. Nígbà tí ìyàn mú ní Bengal, agbègbè kan ní Íńdíà nígbà náà, ní 1943, ó kéré tán mílíọ̀nù méjì ènìyàn ló kú. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó jẹ́ ọmọ agbègbè náà, ṣàlàyé ní 1981 pé oúnjẹ kò dín kù tó bẹ́ẹ̀. Owó ìrẹsì ló gbéra sókè tí owó iṣẹ́ alágbàṣe kò lè bá a mọ́.

Irú ọ̀rọ̀ yìí tún ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà ní 2001. Ọ̀dá dá ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, ebi ń pa ará abúlé, bẹ́ẹ̀ ni ọkà ń jẹrà nínú àká ìjọba. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ PUCL gbé ìjọba lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Orí ẹ̀tọ́ láti wà láàyè ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà kà: ta ló lè wà láàyè láìjẹun? Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba máa fún ọmọ ní oúnjẹ gbígbóná lọ́sàn-án, ó kéré tán fún 200 ọjọ́ lọ́dún. Òfin tó tẹ̀ lé e ní 2013 fún nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ará ìlú láǹfààní sí ọkà olówó pọ́ọ́kú. Kílò 5 lóṣooṣù ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ìdílé. Láti 2023, ọ̀fẹ́ ni.

Síbẹ̀, ìṣòro kò tán. Ètò ìkànìyàn 2011 ni wọ́n fi ń ṣírò iye ẹni tí ọkà tọ́ sí, iye ènìyàn sì ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Àwọn kan ń jí ọkà tà lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí wọ́n fi ń yẹ ẹni tó wá gba ọkà wò kì í dá àwọn alágbàṣe kan mọ̀, nítorí iṣẹ́ ti pa ìka wọn dán. Ìrẹsì àti àlìkámà ń yó ni, ṣùgbọ́n wọn kò tó láti mú ọmọ dàgbà: nínú 100 ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, nǹkan bí 35 ló kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ìjọba Íńdíà ní 2019 sí 2021.

Abala 16 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 náà sọ pé kí ìjọba rí i pé ará ìlú rí oúnjẹ tó péye jẹ. Àmọ́ abala 6 kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè dájọ́ lórí ojúṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà náà ní irú ìdènà yìí. Ẹ̀tọ́ láti wà láàyè ni wọ́n fi kọjá rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn wà nínú abala 33 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà.