Ohun Tí Ojú Kò Rí Nínú Àpò Gàrí

Ẹ̀yin ìyá ilé, ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ni ó fún gàrí ní òórùn rẹ̀ tí ń ta sánsán?

Ní Ìrókò àti àwọn abúlé Akínyẹlé yòókù, bí wọ́n bá bó ẹ̀gẹ́ tán, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a rin ín, wọn a dì í sínú àpò, wọn a sì gbé òkúta lé e. Lójú wa, àpò náà kàn jókòó ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ń lọ nínú rẹ̀.

Ní 1959, Collard, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, àti Levi kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí. Wọ́n ní bakitéríà ni ó kọ́kọ́ ń sọ ẹ̀gẹ́ di kíkan; lẹ́yìn náà ni ẹ̀dá kan tí í ṣe ìbátan olú, Geotrichum candidum, yóò gbilẹ̀, tí yóò sì fún un ní òórùn.

Bí a bá fi máíkírósíkópù wo ẹ̀dá yìí, ó rí bí fọ́nrán òwú funfun tí ó ní oríkèé bí ìrèké. Nígbà tí ó bá yá, yóò já ní oríkèé wọ̀nyí, yóò sì di ègé kéékèèké. Bí a bá to irú ègé bẹ́ẹ̀ 100 sórí ìlà, gígùn wọn kò ju nǹkan bí mìlímítà 1 lọ. Ègé kọ̀ọ̀kan lè hù di fọ́nrán tuntun, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti í gé igi ẹ̀gẹ́ tí ó sì gbìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé òun ni ó ń lé májèlé inú ẹ̀gẹ́ lọ. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, omi ara rẹ̀ a tú jáde, a sì máa fọ́ májèlé náà díẹ̀díẹ̀. Apá kan a bá omi tí a tẹ̀ jáde lọ. Ìyókù a bá oru lọ nígbà tí a bá ń yan án. Èyí gba àkókò. Ní 1981, ní Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì, ọ̀dá mú kí àwọn ènìyàn máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò tọ́jú dáadáa. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí ẹsẹ̀ wọn rọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣe gàrí fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ó lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò, kí ẹ tẹ omi rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì yan án kí ó gbẹ. Ẹ gbé e sí ibi tí ọ̀rinrin kò sí.

Gàrí tí ó bá ti hùkàsì, tí ó ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú, ẹ dà á nù. Èyí kì í ṣe ẹ̀dá rere tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Fọ́nrán tirẹ̀ a máa ru orí rìbìtì tí ó kún fún irúgbìn bí orí ọkà bàbà, àwọn kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ a sì máa pọ oró tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísá a sí oòrùn kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, iná ìdáná kò sì lè pa oró náà tán. Owó gàrí kò tó owó ìwòsàn.