Ohun tí Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Rí ní Àbàtà

Ní oṣù Okúdù tí ó kọjá, àwọn baálé ilé ní abúlé tí mo ti ń kọ́ni péjọ, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù dá owó, kí a lè la kòtò gbọọrọ tí yóò fa omi àbàtà ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ lọ sínú odò, kí ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbẹ. Ibà ti pa ọmọ méjì nínú ìdílé kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkàn gbogbo wa sì bàjẹ́. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tí ó wí pé àbàtà náà ni ó ń pa wá. Mo tilẹ̀ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Èkó fún wọn, bí Gómìnà MacGregor, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, tí ó sì jọba níbẹ̀ láti 1899 sí 1904, ti mú kí a gbẹ́ ipa omi láàárín Èkó àti Ìkòyí, kí a sì máa gbẹ irà ìlú nítorí ibà.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí síbẹ̀, bí kò ṣe ti ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹfà. Ìyá rẹ̀ a máa gbin ẹ̀fọ́ àti ilá sí etí àbàtà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ oko yòókù bá ti le bí òkúta. Ó nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ǹjẹ́ ẹnìkan ti lọ wò ó rí?" N kò rí èsì fún un.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, mo kó àwọn ọmọ náà jáde. A mú abọ́ funfun, ìgò, ìgbakọ tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn, àti dígí kan tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Mo kìlọ̀ gidigidi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán wọ inú omi. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé mo le jù: ìgbín wẹ́wẹ́ kan wà tí í gbé inú omi dídúró, láti ara rẹ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti í jáde, a sì máa gba awọ ara wọlé láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Pákó ni a tẹ́ sórí ẹrẹ̀, orí rẹ̀ ni a sì dúró sí.

Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́ta. Èkíní bu omi ní ibi jíjìn, níbi tí òṣíbàtà àti ojúoró bo ojú omi. Èkejì bu omi láàárín koríko etí àbàtà. Ẹ̀kẹta ń kùn, nítorí pé mo ní kí wọ́n lọ wo kòtò tí a ti ń wa amọ̀ bíríkì, àti ojú ẹsẹ̀ màlúù ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Tanwíji kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ọmọ ẹ̀fọn tí a ń pè ní Anopheles, òun nìkan ni ó ń gbé ibà kiri láàárín ènìyàn, a máa sùn gbalaja lábẹ́ ojú omi bí ìyẹ̀pẹ̀rẹ̀ igi tí ó léfòó. Ti Culex a máa dorí kodò, ìrù rẹ̀ tí ó fi ń mí nìkan ni í kan ojú omi. Ọmọdé tí ojú rẹ̀ dá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láìlo dígí.

Àwọn ẹgbẹ́ èkíní rí ẹja wẹ́wẹ́, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ onírù, àti ọmọ lámilámi tí kò tíì ní ìyẹ́. Tanwíji ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. A fi ọmọ lámilámi kan sínú abọ́ tí tanwíji wà. Kò pẹ́ tí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi yọ síwájú bí ọwọ́, ó sì gbá ọ̀kan mú lójú wa. Àwọn ọmọ hó yèè. Lára gbòǹgbò ojúoró ni a ti rí irú kẹta, Mansonia, tí í gún gbòǹgbò náà láti fa afẹ́fẹ́ mu, tí kì í sì í yọjú sókè. Ó mọ ẹni í jẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbé ibà.

Láàárín koríko, a rí díẹ̀ nínú àwọn tí í sùn gbalaja. N kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́, nítorí pé oríṣi Anopheles kan, funestus, fẹ́ràn omi mímọ́ tí kì í gbẹ, tí koríko sì ṣíji bò. Nítorí náà àbàtà kò mọ́ pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kẹta ni ó ké sí wa. Ojú ẹsẹ̀ màlúù kan, tí omi inú rẹ̀ kò kún ife, kún fún tanwíji tí ó sùn gbalaja. Àwọn kòtò bíríkì náà sì rí bẹ́ẹ̀. Èyí ni oríṣi tí a ń pè ní gambiae. Omi kékeré, tí kò jìn, tí oòrùn ń pa, tí ẹja kò sì sí nínú rẹ̀, ni ó fẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Dókítà Ross rí i nínú àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ ìgboro Freetown ní 1899, ọdún méjì lẹ́yìn tí ó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà.

A gbé abọ́ náà tọ Baálẹ̀ lọ. Ó wo inú dígí títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ wa ni a fi gbẹ́ ilé fún un." Ìyá ọmọbìnrin yẹn wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Kànga wa ńkọ́? Bí àbàtà bá gbẹ, níbo ni a ó ti pọnmi?" Wọ́n dá owó náà padà fún olówó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń wí títí di òní pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni a gbọ́.

Láti ìgbà náà ni a ti ń di ojú ẹsẹ̀ màlúù, tí a sì ń ro koríko etí omi. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń ṣe é, nítorí pé láti ẹyin títí ẹ̀fọn yóò fi fò, ọjọ́ 7 sí 14 ni, bí ooru bá ti tó. Àwọn ọmọdé sì ń sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí a kò lè rí gbogbo omi tán.

Ará wa tí ń mọ bíríkì ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó bi mí pé níbo ni òun yóò ti máa wa amọ̀, ìbéèrè tí ó tọ́ sì ni. Ó gbà kí a di kòtò mẹ́ta, ó kọ̀ fún ẹ̀kẹrin. Àwọn ọmọ wá gbọ́n ọgbọ́n kan: wọ́n kó ẹja epìyà wẹ́wẹ́ láti inú àbàtà, wọ́n dà á sínú kòtò náà. Ní Àbámẹ́ta tí ó kọjá, ẹja méje ni a kà níbẹ̀. Ẹyẹ ti gbé ìyókù.