ÌYÁ ÀKÀRÀ-OÒGÙN BANI LẸ́RÙ JU ÀGBÁKÒ LỌ!

Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, ẹni tó bá ka ìwé D. O. Fágúnwà nílé ìwé kò lè gbàgbé Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n dáadáa: èyí tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn, ìyá Àkàrà-oògùn ni.

Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, bàbá Àkàrà-oògùn yìnbọn lu ẹran. Ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ó ń lọ, àfi lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀! Àjẹ́ ni obìnrin náà, òun ló para dà di ẹran. Ọkọ ti fọwọ́ ara ẹ̀ pa aya.

Ó di 1949, Igbó Olódùmarè jáde. Ta tún ni akọni inú ẹ̀? Olówó-ayé, bàbá ọ̀hún náà ni! Ẹ gbọ́ ná: ẹni tó ti ka ti àkọ́kọ́ ti mọ ohun tí ìbọn ọkùnrin yìí máa ṣe lọ́jọ́ iwájú. Bó ṣe ń jà tó ń borí, inú òǹkàwé ń dùn, àyà ń já a. Fágúnwà ò ní í là á fún ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé rẹ̀ bára wọn tan ni, bí agbo ilé.

Inú ilé ni ẹ̀rù ti Fágúnwà wà. Ti Amos Tutuọlá, tó fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé títí tó fi kú ní 1997, ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀. Nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé rẹ̀ ti 1952, ọmọbìnrin kan rí arẹwà ọkùnrin lọ́jà, ló bá tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wọgbó, ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n, ẹsẹ̀, ọwọ́, gbogbo ẹ̀, títí tó fi ku agbárí nìkan. Ó sì san owó ìyálò o, kò jẹ gbèsè! Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ìwé náà ṣeré lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, tí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà fi gbádùn ẹ̀.

Irú ìtàn yìí làwọn ìyá fi ń kìlọ̀ fọ́mọ tó ń kiri ọjà, àwọn ọmọ a sì máa rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹta 2014 ni wọ́n tú àṣírí ilé àfọ́kù kan nínú igbó ní Sókà, n'Íbàdàn yìí kan náà. Àwọn ọlọ́kadà tó ń wá ẹlẹgbẹ́ wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀. Agbárí ni wọ́n bá nílẹ̀, àtàwọn èèyàn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, tí wọ́n ṣì ń mí. Iwin kọ́ ló gbé wọn débẹ̀.